Bàtà rọ́bà àgbẹ̀ ní omi Àrìǹta: ó mọ ẹrẹ̀, kò mọ àpáta

Kò sí orúkọ ilé iṣẹ́ kankan lára bàtà yìí, àfi nọ́mbà 41 tí wọ́n tẹ̀ sí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Bàtà rọ́bà gígùn ni, èyí tó ń dé abẹ́ orúnkún, tí ẹ máa ń rí lẹ́sẹ̀ àwọn tó ń lọ oko kòkó nígbà òjò, lẹ́sẹ̀ àwọn alápatà àti àwọn tó ń fọ mọ́tò. Dúdú ni tèmi, ìsàlẹ̀ rẹ̀ pupa. Ọjà Ọba ní Adó-Èkìtì ni mo ti rà á. ₦13,000 ni ìyá tó ń tà á kọ́kọ́ pè é. Mo ní kí wọ́n gba ₦7,000. Wọ́n wò mí látòkè délẹ̀, wọ́n ní ṣé ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ rà ni. ₦9,500 la jọ fà á dé.

Fótò ni iṣẹ́ mi: ìgbéyàwó, ìkómọjáde, ìsìnkú àgbà. Níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, kápẹ́ẹ̀tì tàbí sìmẹ́ǹtì ló wà nílẹ̀, kò sẹ́ni tó ń wo ẹsẹ̀ onífótò. Inú igbó ni ọ̀rọ̀ bàtà ti ń di ọ̀rọ̀. Nígbà ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, èmi àti ọ̀rẹ́ mi, Ìyá Ìbejì, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní bàọ́lọ́jì ní ilé ìwé girama, máa ń gun òkè, a máa ń lọ etí odò, ká lè ya ohun tí Ọlọ́run dá. Òun ló mọ orúkọ kòkòrò àti ewé, èmi ni mo mọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wá. Lọ́tẹ̀ yìí, omi Àrìǹta, èyí tó ń já láti orí àpáta ní Ìpólé-Ìlórò, la forí lé, a sì ní a ó yà sí Ìkógòsì, níbi tí omi gbígbóná ti pàdé omi tútù, ká tó máa bọ̀ nílé. Mo wọ bàtà rọ́bà mi. Ìyá Ìbejì wọ bàtà ìgunkè aláwọ tí àbúrò rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti Kánádà, olówó gọbọi, onírin lójú okùn. Ẹ lè kà á sí ìdánwò bàtà méjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tèmi ni mo fẹ́ sọ.

Oṣù kẹjọ dára fún irú iṣẹ́ yìí. Òjò tó ti ń rọ̀ láti nǹkan bí oṣù kẹrin ti mú kí omi pọ̀ lórí òkè, ṣùgbọ́n òjò fúnra rẹ̀ máa ń sinmi díẹ̀ lásìkò náà. Ìkùukùu a bo oòrùn láti àárọ̀, ohun tí a sì ń fẹ́ gan-an nìyẹn, torí bí oòrùn bá mú, funfun omi a jó nínú àwòrán, abẹ́ igi a ṣókùnkùn biribiri, kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ gba méjèèjì papọ̀. Ilẹ̀ nìkan ni oṣù kẹjọ ò ṣàánú.

Láti Adó, a gba Ìyìn, Ìgèdè, Àrámọkọ, a yà sí ọ̀nà Ẹ̀rìnjìyàn, a kọjá Ìkógòsì, a dé Ìpólé. Nínú mọ́tò, ìyà ni bàtà rọ́bà jẹ́. Atẹ́gùn kankan ò wọ inú rẹ̀, òógùn sì ti rin ìbọ̀sẹ̀ mi kí a tó kúrò ní Ìgèdè. Ẹ gbé e sínú àpò, kí ẹ wọ sálúbàtà títí ẹ ó fi débẹ̀.

Bàbá kan tó jẹ́ àgbẹ̀ kòkó ló mú wa wọ igbó. Sílípáàsì ni wọ́n wọ̀, èyí tí à ń wọ̀ lọ sí balùwẹ̀. Wọ́n wo ẹsẹ̀ Ìyá Ìbejì, wọ́n wo ẹsẹ̀ tèmi, wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ìmúra o," wọ́n mú àdá wọn, wọ́n sì ṣíwájú.

Ọ̀nà tí bàbá bá wa gbà la oko kòkó kọjá, ibẹ̀ sì ni bàtà mi ti kọ́kọ́ jẹ́ kí n mọ̀ pé n kò fi owó ṣòfò. Ẹrẹ̀ ibẹ̀ jìn, ewé kòkó jíjẹrà bò ó lójú, ẹ kò ní mọ ibi tó jìn jù àfi tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Èmi kàn ń tẹ̀ ẹ́ lọ ni. Ìyá Ìbejì ń wá ibi gbígbẹ kiri, ó ń fò láti orí gbòǹgbò sí orí òkúta, ẹrẹ̀ sì ti kún àárín eyín àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà rẹ̀ títí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi wúwo. Nígbà tí a dé odò kékeré kan, mo ti ẹsẹ̀ bọ omi, mo mì í, bàtà mi mọ́. Tirẹ̀ gba kí ó wá igi, kí ó máa ha á.

Ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ máa ń fa bàtà yìí o. Bí ó bá jìn dé àárín ojúgun, tí ẹ sì fẹ́ yọ ẹsẹ̀ wéré, ẹsẹ̀ yín nìkan ni yóò jáde, bàtà yóò dúró sí ilẹ̀ pẹ̀lú ẹnu lílà. Gìgísẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé sókè, kí afẹ́fẹ́ ráyè wọ abẹ́ rẹ̀, kí ẹ tó fa ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹ ra èyí tó tóbi jù. Nọ́mbà tó bá yín mu pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ nínípọn ni kí ẹ rà. Ìbọ̀sẹ̀ bọ́ọ̀lù tó ń dé orúnkún ló dára jù, torí ẹnu bàtà máa ń ha ojúgun. Tèmi bó mi lára ní ẹsẹ̀ òsì torí ìbọ̀sẹ̀ mi kúrú.

Àwọn ìjàlọ ń kọjá lọ́nà. Bàbá ní ká sáré, a sáré. Ara rọ́bà ń yọ̀, bàtà sì ga, èyí tó bá gùn ún ẹ ó ti rí i kó tó dé orúnkún, ẹ ó sì gbọ̀n ọ́n dànù. Ní ti bàtà aláwọ, inú okùn àti abẹ́ ahọ́n rẹ̀ ni wọ́n ń gbà wọlé, ẹ ò sì ní mọ̀ títí wọn yóò fi bù yín jẹ. Olùkọ́ bàọ́lọ́jì wa bọ́ bàtà méjèèjì lójú ọ̀nà, ó ń fi ìbínú sọ fún mi pé abo tí kì í bímọ ni gbogbo ìjàlọ tó ń jáde wá jẹ èèyàn. Mo ní, "Ìyá Ìbejì, ẹ kú ẹ̀kọ́." Bàbá rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di igi mú.

Ti ejò ńkọ́? A kò rí ìkankan. Àmọ́ ọká àti paramọ́lẹ̀ kì í sábà sá fún èèyàn. Inú ewé gbígbẹ ni wọ́n máa ń dùbúlẹ̀ sí, ẹni tó bá tẹ̀ wọ́n ni wọ́n ń bù ṣán, ẹsẹ̀ àti ọrùn ẹsẹ̀ ló sì sábà máa ń jẹ́. N kò sọ pé rọ́bà yìí ló máa gbà yín lọ́wọ́ ọká. Eyín rẹ̀ lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà márùn-ún, kò sí ejò olóró mìíràn láyé tí eyín rẹ̀ gùn tó bẹ́ẹ̀. Mo kàn mọ̀ pé nítorí pé nǹkan bo ojúgun mi, mo ń wo òkè. Onífótò tó bá ń wo ilẹ̀ ní gbogbo ìṣísẹ̀ kò ní rí àwòrán.

Wíwo òkè yẹn ló jẹ́ kí n rí agbìgbò méjì lórí igi kan, wọ́n jókòó ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, àgógó wọn kọjú sí ara wọn. Mo gbé lẹ́ńsì gígùn sókè, mo fẹ́ sún mọ́ wọn díẹ̀ sí i. Ibẹ̀ ni bàtà yìí ti já mi kulẹ̀ pátápátá. Ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ju ojúgun mi lọ, ní gbogbo ìgbà tí mo bá sì ṣísẹ̀, á gbá mi lẹ́sẹ̀: pọ̀, pọ̀, pọ̀. Wọ́n fò lọ, apá wọn ń hó bí ìgbà tí èèyàn ń fi abẹ̀bẹ̀ ńlá fẹ́ iná. Bí ó bá jẹ́ pé ẹyẹ lẹ fẹ́ lọ yà, ẹ má wọ bàtà yìí. Ìyá Ìbejì fi fóònù rẹ̀ ya lékeléke kan láti ibi tó sún mọ́ ọn gan-an, torí pé bàtà rẹ̀ kò ń pariwo. Ó fi hàn mí ju bó ṣe yẹ lọ.

Ọ̀rọ̀ tó gbé mi dé ìdí ìwé yìí ni omi Àrìǹta fúnra rẹ̀. Ipele méje ni wọ́n máa ń sọ pé ó ní, iye kan náà tí wọ́n ń sọ nípa Olúmirin ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, tó wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lápá kejì àwọn òkè náà. Èyí tí ẹ bá ti kọ́kọ́ kàn ti tó láti jẹ́ kí ẹ gbàgbé pé ẹ fẹ́ gòkè. Omi ń já láti orí àpáta, ó ń fọ́n sí ara ewé, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tutù, ariwo rẹ̀ kò jẹ́ kí ẹ gbọ́ ohun tí ẹnì kejì ń sọ.

Ọ̀pọ̀ àwòrán omi Àrìǹta tí ẹ máa ń rí, etí omi ni wọ́n ti yà á. Ohun gbogbo jọ ara wọn, torí ibi tí ẹsẹ̀ ti gbẹ ni gbogbo onífótò ń dúró sí. Ibi tí àwòrán wà ni àárín odò ní ìsàlẹ̀, níbi tí òkúta pín omi sí méjì, tí ẹ ó fi lè gba omi tó ń já lókè àti èyí tó ń ṣàn bọ̀ wá bá yín lẹ́ẹ̀kan náà. Mo wọ inú rẹ̀. Omi dé ìdajì bàtà mi, ẹsẹ̀ mi gbẹ. Mo ri ẹsẹ̀ tripod, ìyẹn ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí kámẹ́rà ń jókòó lé, mọ́ inú yanrìn, mo gbé ISO, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ sí, wá sí 100, mo fún ojú lẹ́ńsì pọ̀ sí f/11, mo sì jẹ́ kí kámẹ́rà yà á fún ìdajì ìṣẹ́jú àáyá kan. Irú àwòrán báyìí kì í yá. Ẹ ó yà á, ìrì omi á bo ojú lẹ́ńsì, ẹ ó nù ún, ẹ ó tún un yà, atẹ́gùn á mi ewé, ẹ ó tún un yà. Ẹni tí omi ti wọ bàtà rẹ̀ kò ní lè ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀. Mo dúró síbẹ̀ títí ìmọ́lẹ̀ fi yí padà. Mo yà á ní ìbú, mo yà á ní òòró, mo sì gba èyí tó wà lórí ògiri pálọ̀ mi báyìí, tí omi funfun tẹ́ pẹrẹsẹ, tí ewé kan ṣoṣo kò sì mì.

Bàtà Kánádà kì í jẹ́ kí omi gba ara awọ wọlé, òótọ́ ni, wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọrùn ẹsẹ̀ ló mọ. Omi tó bá ga ju ọrùn ẹsẹ̀ lọ, orí ló ń gbà wọlé, tó bá sì wọlé tán, awọ tí kò jẹ́ kó wọlé tẹ́lẹ̀ náà ni kò ní jẹ́ kó jáde. Ìyá Ìbejì fi ẹsẹ̀ tútù rìn títí ilẹ̀ fi ṣú.

Tèmi náà ní ibi tó mọ. Ẹ má fi wọ omi tó bá sún mọ́ orúnkún. Bí omi bá gba ẹnu rẹ̀ wọlé, garawa lẹ so mọ́ ẹsẹ̀ yẹn, nínú omi tó ń ṣàn kíkan, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ibi tí omi ti ń fà, ẹ kúrò níbẹ̀, bí àwòrán ibẹ̀ ti wù kó dára tó.

Àpáta ni ọ̀tá rẹ̀. Nígbà tí a fẹ́ gòkè sí ipele tó kàn, ara òkúta ti hu nǹkan aláwọ̀ ewé tó ń yọ̀ bí ilá. Àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà mi le, eyín rẹ̀ kò jìn, kò rí nǹkan kan dì mú. Mo gbé kámẹ́rà fún Ìyá Ìbejì, mo sì fi ọwọ́ àti orúnkún rá gòkè. Òun ń rìn lọ ní tirẹ̀, bàtà Kánádà di òkúta mú gírígírí. Bàbá tí wọ́n wọ sílípáàsì ti bọ́ ọ, wọ́n fi sí abíyá, ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi ń lọ, wọ́n sì ń dúró dè wá.

Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní kí n jókòó. Àpò ìdọ̀họ kan wà lára ẹrù wọn, irú èyí tí wọ́n fi ń di kòkó. Wọ́n fi àdá ya etí rẹ̀ sí tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n wé e mọ́ àárín àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan ní ìlọ́po, wọ́n ta á ní kókó lórí ẹsẹ̀. Ẹ gbà mí gbọ́, bàtà náà yí padà. Ìdọ̀họ tó ti rin máa ń gbá ara òkúta mú, okùn rẹ̀ le, ó sì há. Láti ibẹ̀ lọ, mo rìn bí èèyàn. Bí ẹ bá mú ohun kan nínú gbogbo ohun tí mo kọ, ẹ mú èyí: ẹ ra ìdọ̀họ kékeré kan mọ́ bàtà yín, kí ẹ sì rọ́ ọ sínú àpò kámẹ́rà. Nígbà tí ẹ bá padà dé orí ilẹ̀, ẹ tú u, torí á máa kó ẹrẹ̀.

Lílóṣòó náà ṣòro. Lámilámi pupa kan bà lé orí koríko létí omi, ìyẹ́ rẹ̀ ń dán, Ìyá Ìbejì ń sọ fún mi pé inú omi ni ó ti ń gbé nígbà tó wà ní kékeré, pé ó máa ń jẹ ọmọ ẹ̀fọn níbẹ̀. Irú àwòrán yẹn, ojú lẹ́ńsì gbọ́dọ̀ wà ní ìpele kan náà pẹ̀lú kòkòrò. Ṣùgbọ́n bàtà yìí kì í ká. Tí ẹ bá lóṣòó, ẹnu rẹ̀ á gún yín lẹ́yìn orúnkún. Mo kúnlẹ̀, ó ṣe é ṣe, aṣọ mi ló gbà á.

Ní Ìkógòsì, bàtà rọ́bà ò wúlò fún nǹkan kan. Omi ibẹ̀ gbóná ní orísun rẹ̀, wọ́n ní ó ń tó nǹkan bí 70°C, ó sì máa ń tó 37°C níbi tó ti pàdé èyí tó tutù. Mo fi bàtà dúró sí ojú ibi tí méjèèjì ti pàdé, Ìyá Ìbejì ń pariwo pé, "Onífótò, ṣé ẹ ò mọ̀ ọ́n lára ni?" N kò mọ nǹkan kan lára. Mo bọ́ ọ. Ibẹ̀ ni mo tó mọ bí òógùn ṣe pọ̀ tó nínú bàtà yẹn, torí ìbọ̀sẹ̀ mi ṣe é fún.

Ohun kan wà tí n kò retí. Gbogbo ẹni tó bá pàdé wa lọ́nà ló ń kí mi ní "Ẹ kú oko o." Wọ́n ń kí ọ̀rẹ́ mi ní "Ẹ káàbọ̀, mà." Níbi tí a ti jẹ iyán ní ìrọ̀lẹ́, ìyá olóúnjẹ fi òkèlè kan lé tèmi, wọ́n ní ẹni tó ti oko bọ̀ kò gbọ́dọ̀ jẹ díẹ̀. N kò jiyàn. Ìyá Ìbejì gbé bàtà Kánádà rẹ̀ sókè, ó ní òun náà ti oko bọ̀. Wọ́n ní rárá, ìyẹn bàtà òyìnbó ni.

Bí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń pè ní rọ́bà lọ́jà, ike ni. Rọ́bà gidi máa ń rọ̀, ẹ lè ká ẹnu rẹ̀ wálẹ̀ kó tún nà padà, ó wúwo díẹ̀, ó sì ní òórùn tirẹ̀. Èyí tó jẹ́ ike máa ń dán gan-an, ẹ ó rí ojú ìlà níbi tí wọ́n ti pa ẹ̀gbẹ́ méjì pọ̀, ó sì le. Tèmi, ike ni, mo mọ̀ ọ́n nígbà tí mo rà á, owó ló pinnu. Rọ́bà gidi á di òkúta mú ju ìyẹn lọ. Irú bàtà yìí kò tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú olówó. Ọmọ Amẹ́ríkà kan, Hiram Hutchinson, ló dá ilé iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ nílẹ̀ Faransé ní 1853, nígbà tí ọ̀pọ̀ àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ṣì ń wọ bàtà onígi lọ oko. Ẹ wo inú rẹ̀ dáadáa: èyí tó ní aṣọ nínú dára ju èyí tó ṣófo, kì í lẹ̀ mọ́ ara. Ẹ ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ìsàlẹ̀, kí ẹ fọwọ́ wá ibi tó lè gún yín. Ẹ wọ méjèèjì, kí ẹ rìn láàárín ọjà, kí ẹ lóṣòó, bí oníṣòwò bá tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ẹ bá dé ilé, ẹ má sá a sóòrùn, ẹ má sì gbé e sún mọ́ iná, á sán. Ẹ rọ ìwé ìròyìn sínú rẹ̀, kí ẹ pa á dà nígbà tó bá rin, kí ẹ sì dojú rẹ̀ dé sí abẹ́ ìbòòji. Kí ẹ tó tún wọ̀ ọ́, ẹ gbọ̀n ọ́n dáadáa. Àkéekèé fẹ́ràn irú ibẹ̀.

Fún ẹrẹ̀, omi àti inú igbó, n kò ní fi ₦9,500 yìí pààrọ̀ bàtà tó tó ìlọ́po mẹ́wàá rẹ̀. Fún òkè olókùúta gbígbẹ bí Olósùnta ní Ìkẹ́rẹ́, ẹ fi sílé. Ìyá Ìbejì ní òun kò ní wọ bàtà àgbẹ̀ láé, pé ọmọ òun á fi òun ṣẹ̀sín. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní kí n bá òun wo nọ́mbà 39 tí mo bá ti dé Ọjà Ọba, kí ó má ṣe jẹ́ dúdú.